Ọkùnrin Tó Ní Etíkun Ló Ń Sún Mọ́ Òun

Lọ́jọ́ tí olóògbé Ẹ̀yin-Lẹ-Ń-Lọ gba orúkọ yẹn, afẹ́fẹ́ le débi pé àwọn ẹyẹ òkun ń fi ẹsẹ̀ rìn. Gbogbo àwa tí a ní ọkọ̀ onígbòkun ti sá wọ ibì kan tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, tí òkè ga ní apá kan rẹ̀ tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀. A ti ju ìdákọ̀ró sómi, a ti ká ìgbòkun nílẹ̀, olúkúlùkù jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ ó ń mu tíì, à ń dúró kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Àfi bí bàbá yìí ṣe yọ síta pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àti fèrè lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará ibí! Ṣé ẹ sùn ni? Ìdákọ̀ró yín ti ṣí! Ẹ̀yin lẹ ń lọ o!"

Ẹni tí kò bá gbé inú ọkọ̀ rí lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa wá. Bí ìdákọ̀ró ò bá di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ máa ń ti ọkọ̀ lọ. Kò sí bí yóò ṣe tì í lọ síwájú, sí ojú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fẹ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n lójú bàbá, gbogbo wa la jùmọ̀ ń gun afẹ́fẹ́ lọ síwájú láìta ìgbòkun, láìtan ẹ́ńjìnnì. Òun nìkan ló dúró gbọn-in.

Dókítà eyín, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ súnmọ́ tirẹ̀ jù lọ, yọrí síta. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bojú wẹ̀yìn!"

"Èmi? Wẹ̀yìn? Olè ní í bojú wẹ̀yìn!"

Ó ṣì ń bú wa lọ́wọ́ nígbà tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ gbá ẹrẹ̀ etíkun tó wà lódìkejì òkè. Àwọn apẹja tó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe ju àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n sá. Bàbá yí padà, ó rí ilẹ̀, ó rí àwọn èèyàn lórí ilẹ̀. Ṣé ojú tì í? Kò tì í. Ó na ìka sí wọn, ó ní, "Ta ló ní kí ẹ gbé etíkun yín wá síbí?"

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi kú. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, àmọ́ ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà ò gbọ́n lórí omi rárá.

Iṣẹ́ wẹ́dà ló ṣe kó tó fẹ̀yìntì. Géètì ló ń jó, òun àti irin ojú fèrèsé. Géètì rẹ̀ dára, n ò ní parọ́ mọ́ òkú. Bó bá ti jó géètì sẹ́nu ilé kan, olè ò lè wọbẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, onílé náà ò lè wọbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi ní òun ò ní ra ìdákọ̀ró. Kí ni wọ́n ń tà lọ́jà tí ọwọ́ òun ò lè ṣe? Ó wá irin ibùsùn àtijọ́ kan, ó gé e wẹ́wẹ́, ó tún un jó pọ̀, ó fi ìwọ̀ sí i lọ́tùn-ún lósì, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa. Ọ̀dà pupa yẹn, agolo ńlá kan ló ní, ó sì ti búra pé kò ní bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́: ó kun ilẹ̀kùn, ó kun garawa, ó kun ìdí kẹ́tùlù. Ó sọ ìdákọ̀ró náà ní Má-Mì. Ẹ gbà mí o! Kò sí ibi tí Má-Mì ti dé rí tí kò mì.

Iṣẹ́ ìdákọ̀ró ni kó rì wọnú ilẹ̀ abẹ́ omi kó di í mú. Má-Mì ò di nǹkan mú, ńṣe ló ń ṣa nǹkan kiri. Ó ṣa táyà. Ó ṣa ìkòkò tó ti lu. Ó ṣa ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró Birikilà, ọ̀kan nínú wa tó ń mọlé, ọkọ̀ méjèèjì sì jọ ń wọ́ lọ bí tọkọtaya tó dira wọn lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ó gbé odidi àga onírin wá sókè. Bàbá fọ àga, ó kùn ún ní pupa, ó jókòó lé e níwájú ọkọ̀, ó ń pe gbogbo ẹni tó bá kọjá.

"Ẹ wá wò ó! Ìdákọ̀ró ta ni nínú yín ló bí àga rí?"

Dókítà eyín, tó láàánú jù wá lọ, fẹ́ fún un ní ìdákọ̀ró gidi kan tí òun kì í lò.

Bàbá bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé mo ti bá ẹ yọ eyín aláìsàn rẹ rí?"

"Rárá, bàbá."

"Kí ló fà á?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, bàbá."

"Ẹ̀hẹn. Kí olúkúlùkù dúró síbi tó mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló fi pílíásì yọ eyín ara rẹ̀. Èyí tó dára ló yọ. Èyí tó ń dùn ún ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró ṣì sàn ju ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ lọ. Rédíò kékeré kan wà nínú ọkọ̀ gbogbo wa tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì lèèyàn máa tẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí ló ń gbọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá a lóhùn àfi tó bá jọ̀wọ́ bọ́tìnì náà. Ọ̀rọ̀ pàtàkì nìkan ló yẹ kéèyàn fi sọ. Lójú bàbá, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu òun jáde rí tí kì í ṣe pàtàkì. Láràárọ̀ ni yóò jí wa.

"Ẹ káàárọ̀ o. Orúnkún mi ò ro mí lónìí. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti ń rọlẹ̀."

Dókítà eyín á ní, "Bàbá, ìròyìn ojú ọjọ́ ní yóò tún le sí i."

"Ìròyìn ní orúnkún ni?"

Lẹ́yìn náà ni yóò jáde síta kó lè fi ojú rí bí afẹ́fẹ́ ṣe rọlẹ̀. Láìpẹ́, Birikilà, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan bọ́ sílẹ̀, á tẹ bọ́tìnì tirẹ̀. "Bàbá, fìlà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kọjá níbí. Ó ní ká máa kí yín."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti ń rọlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló gba púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń sáré kiri ní èbúté ilé wa. Ọmọ kan ṣoṣo lòun bí, ìlú tó wà lódìkejì omi ni ọmọbìnrin náà lọ́kọ sí. Oyún àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí ní pé oṣù, ó rọbí, ọmọ tó bí ò yè. Ìyá ò sí níbẹ̀. Ó wà lórí omi pẹ̀lú bàbá, wọ́n ń dúró de afẹ́fẹ́ tí bàbá ní ó ti ń rọlẹ̀. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ẹ̀. Ká ní ó bá a jà ni, ì bá sàn.

Nígbà tí ọmọ tún lóyún, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, èyí tó ń bọ̀ yìí, mo máa wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo máa wà níbẹ̀."

"Kí bọ́ọ̀sì kankan tó gbé ẹ débẹ̀, mo ti gbé ẹ débẹ̀."

Ó gbà fún un. Ìdí ni pé bí ìyá bá ti wọ ọkọ̀ ilẹ̀, kò ní ṣíwọ́ èébì títí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Lórí òkun tó ń ru bí omi gbígbóná, á jókòó, á máa ṣa ẹ̀wà.

Ti bọ́ọ̀sì yẹn ní ìtàn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ ọmọ wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé wá kí wọn, bàbá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"Mò ń wa bọ́ọ̀sì, bàbá."

"Títì ló ń mú bọ́ọ̀sì lọ. Iṣẹ́ tí ìwọ ń ṣe ni mo bi ẹ́."

Ọmọkùnrin náà gbé e mì. Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ àkọ́kọ́ kú, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ká ní títì ni wọ́n gbà, ìyá ì bá ti dé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, bàbá ò sì lè gbé òótọ́ yẹn mì. Ó bú u, ó bú bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lé e jáde nílé. Láti ìgbà náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí oṣù ìbí kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n ta ìgbòkun, wọ́n kọrí sódìkejì omi. Àwa náà ń lọ sọ́nà ibẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń wá. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, afẹ́fẹ́ dé, gbogbo wa tún sá wọ abẹ́ òkè. Abúlé apẹja kékeré kan ló wà létíkun níbẹ̀, ọ̀nà oníyanrìn kan ló jáde láti ibẹ̀ lọ sí títì. Bọ́ọ̀sì èrò kì í yà débẹ̀.

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó fẹ́ lónìí, ó fẹ́ lọ́la, ó fẹ́ bí ẹni tó bínú sí wa. Okùn ń súfèé lára òpó ọkọ̀ láìdákẹ́, aṣọ tí a sá gbọn títí ó fi ya. Aya bàbá ti ká àwọn aṣọ ọmọ sínú báàgì, ó tú u, ó tún un ká. Bàbá ò ṣíwọ́ ìwàásù orúnkún rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìhìn dé sórí fóònù ìyá láti ọ̀dọ̀ ọmọ: ó ti ń rọbí díẹ̀díẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ti ń rọlẹ̀," ni bàbá wí.

"Báwo ló ṣe ń rọlẹ̀? Kẹ́tùlù ń rìn lórí sítóófù, ẹ ń sọ pé ó ń rọlẹ̀!" Ó gbé báàgì. "Ẹ pe ọkọ ọmọ yín. Ẹ ní kó gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sétíkun. Bó bá gbéra báyìí, a máa débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ìwọ pè é."

"Èmi ò bú u. Ẹni tó bú u ni kó bẹ̀ ẹ́."

"Kí èmi bẹ awakọ̀?"

"Ó dáa." Ó pe Birikilà pé kó fi ọkọ̀ rọ́bà rẹ̀ wá gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá pè é, ẹ wá mú mi. Bí ẹ ò bá pè é, tí nǹkan bá tún ṣe ọmọ yẹn, ẹ má wá mi mọ́ láyé."

Bàbá tẹ bọ́tìnì rédíò. Ó ní kí gbogbo wa fọkàn balẹ̀, orúnkún òun ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kó dákẹ́. Kò dákẹ́. À ń gbọ́ ìmí rẹ̀. À ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Bàbá ti kun rédíò rẹ̀ ní ọ̀dà pupa! Ọ̀dà ò tíì gbẹ tó fi tẹ bọ́tìnì, bọ́tìnì lẹ̀ mọ́ inú ihò rẹ̀, kò jáde mọ́. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ là ń gbọ́ nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un.

Ẹ̀rín ti gbé Birikilà ṣánlẹ̀. Ó rò pé a máa gbọ́ bí bàbá ṣe ń hanrun.

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni: "Ìwọ awakọ̀ yìí, fetí sílẹ̀." Ó dákẹ́. "Rárá. Ìyẹn ò dáa." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi, ó pẹ́ díẹ̀." Ó kọ háà. "Ó pẹ́ díẹ̀ kẹ̀? Wèrè ni ọ́!" Ara rẹ̀ ló ń bú. Àwa náà ti di ikùn mú.

Ó wá pe fóònù.

"Hẹ́lóò. Èmi ni... Bàbá ìyàwó rẹ. Má pa á. Mo ní má pa fóònù náà... Jọ̀ọ́."

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀rín dá.

"Mo ti kúnlẹ̀," ni bàbá wí, a sì gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe kan pákó. "O ò rí mi, àmọ́ mo ti kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó o sọ nígbà yẹn, ìwọ lo jàre. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló dá ìyá dúró. Èmi ni. Ó ní ká sọ̀kalẹ̀ ká gba títì, mo ní kò mọ nǹkan kan. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Iṣẹ́ tó dáa lò ń ṣe, ọmọ mi. Bọ́ọ̀sì rẹ dáa ju ọkọ̀ mi lọ. Wá gbé ìyá. Èmi, má gbé mi, má tiẹ̀ wo ibi tí mo wà. Ìyá nìkan ni kó o gbé dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Kó má tún dá wà."

Nínú ọkọ̀ dókítà eyín, ìyá dúró pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. Dókítà nawọ́ láti pa rédíò. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Àwa ò gbọ́ èsì awakọ̀, ohùn bàbá nìkan là ń gbọ́. "O ṣé," ló ń sọ. "O ṣé o, ọmọ mi. O ṣé." Ó wá ń sunkún, ẹkún àgbàlagbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún, tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Nígbà tó ṣe, a gbọ́ tó ń fi ọ̀bẹ họ nǹkan. Ó ti rí bọ́tìnì. Rédíò pa lójijì. Mo mọ̀ pé yóò jáde, yóò wo ojú wa láti mọ̀ bóyá a gbọ́. Lóòótọ́ ló jáde, ó sì wò yíká. Kò rí ẹnì kankan níta. Gbogbo wa ti wọlé, a ti ti ilẹ̀kùn, ẹni tí kì í ti ilẹ̀kùn rí pàápàá ti tì í. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó padà sídìí rédíò. "Ẹ gbọ́ o. Mo ti pàṣẹ fún awakọ̀ yẹn pé kó máa bọ̀. Mo bá a wí dáadáa."

Mo gbọ́ tí Birikilà tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Birikilà yìí kì í dá ẹnikẹ́ni sí.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ni Birikilà wí. "Àṣẹ nìkan ni irú wọn ń gbọ́."

Bàbá wá mú ìyàwó rẹ̀. Ó sọ fún un pé òun ti pàṣẹ. Obìnrin náà wo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ tó ti kó ọ̀dà pupa tó kán sórí pákó nígbà tó ń kun rédíò. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ máa pàṣẹ. Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ṣófo já gba ọ̀nà oníyanrìn jáde sáàárín àwọn àwọ̀n apẹja ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Birikilà fi ọkọ̀ rọ́bà gbé ìyá sọdá, omi rin wọ́n gbingbin. Ọkọ ọmọ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ìyá bì láti etíkun títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fọ ẹnu, ó fọ ọwọ́, ó wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà bọ́ sí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì le.

Bàbá ò lè bá wọn lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí Má-Mì ń ṣọ́. Nígbà tí ìròyìn ọmọ dé, ó sọ fún wa lórí rédíò pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, orúnkún òun ti sọ fún òun. Ó ní kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ bó ṣe wù ú, ìjà ò sí láàárín wọn mọ́.

Ó tún gbé pẹ̀lú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, kò sì gbọ́n sí i. A fi fìlà rẹ̀ ṣẹ̀sín, a fi eyín rẹ̀ ṣẹ̀sín, òun náà ò fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Kò sí èébú tí a ò bú u. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lórí rédíò lọ́jọ́ náà nìkan ni ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà, bí a tilẹ̀ bínú sí i, bí Birikilà tilẹ̀ mutí.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, gbogbo wa wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ti tó ọmọ tó ń béèrè nǹkan nígbà náà. Ó fa aṣọ bàbá rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni bàbá àgbà pàṣẹ fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi?"

Awakọ̀ gbójú sókè, ó wò wá. Àwa náà wolẹ̀. Ó rí i pé a mọ̀, ó sì yé e pé ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀.

"Àṣẹ gidi ni," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Sísá ni mo sá wá."

Èjìká opó náà ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, mo lọ dì í mú, ẹ̀rín ni. Kó tó pẹ́, ó ti di ẹkún. Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Bó bá dàgbà, ẹ sọ ọ́ fún un. Èmi ò ní lè sọ ọ́ tán. Kó mọ̀ pé kó tó dé ayé ni ẹnì kan ti kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀."

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Mo ti sọ ọ́ fún un.